Ooru Oṣù Kẹta àti Ẹja Inú Gíláàsì: Bí Omi Ṣe Lè Tutù ní Òkè-Ògùn

Ẹ kú ooru o! Ẹni tó bá wà ní Ṣakí tàbí Ìséyìn lásìkò yìí mọ ohun tí mò ń sọ. Aago méjì ọ̀sán, páànù orí ilé ń dún kó-kó-kó, NEPA ti mú iná lọ, fáànù ti dákẹ́, fóònù gan-an ń gbóná lọ́wọ́. Èèyàn á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, á wẹ̀, á lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ẹja tó wà nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ yín ńkọ́? Ibo ló fẹ́ sá sí?

Ọ̀rọ̀ tiwa lónìí nìyẹn: aquarium, àpótí gíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ sí. Olùgbọ́ wa kan láti Ṣakí ló fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó ní òun rí aquarium olómi òkun kan lórí TikTok, èyí tí iyùn aláràbarà wà nínú ẹ̀, tí ẹja aláwọ̀ ọsàn ń lúwẹ̀ẹ́ káàkiri. Ó wá béèrè pé, "Ṣé mo lè ṣe irú ẹ̀ ní Ṣakí, pẹ̀lú ooru wa yìí?" Màá dáhùn ìbéèrè yẹn kí a tó parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi.

Bí mo ṣe pa ẹja mẹ́fà

Ìséyìn ni mo wà nígbà náà. Mo ní àpótí gíláàsì kan tó gba nǹkan bíi 60 lítà omi, goldfish mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lóṣù kẹta, mo wọlé, mo rí i pé gbogbo wọn ti wá sókè omi, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé. Mo ti ọwọ́ bọ omi, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo wo tẹmómítà, 33°C. Àyà mi já.

Mo sáré lọ sí ìsọ̀ tó wà ní iwájú ilé, mo ra pure water dídì mẹ́wàá, mo fi eyín ya wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo da gbogbo yìnyín yẹn sínú omi. Kò pẹ́, tẹmómítà ti wálẹ̀ sí 24. Inú mi dùn, mo tiẹ̀ ya fọ́tò, mo fi sí status. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹja mẹ́ta ti dojú dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò ku ẹyọ kan.

Mo rò pé ooru ló pa wọ́n. Bọ̀ọ̀dá kan tó ń sin ẹja àrọ̀ ní àdúgbò wa ló là mí lójú. Ó wo àpótí náà, ó wo ọ̀rá pure water nílẹ̀, ó ní, "Àbúrò, ooru kọ́ ló pa wọ́n o. Ìwọ lo pa wọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Látìgbà yẹn ni mo ti ń kàwé nípa ẹ̀, tí mo sì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo kọ́ nìyí.

Kí ni ooru ń ṣe fún ẹja gan-an?

Ara èèyàn máa ń ṣètò ooru tirẹ̀. Bí ooru bá mú wa, a máa làágùn. Bí òtútù bá mú wa, a máa gbọ̀n. Ẹja kò ní irú ẹ̀. Bí omi bá ṣe rí ni ara ẹja ṣe máa rí. Nítorí náà, tí omi bá gbóná, ohun mẹ́ta ló máa ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Èkíní, ooru máa ń lé ọ́síjìn kúrò nínú omi. Ọ́síjìn tó wà nínú omi ni ẹja ń mí. Ẹ ronú mínírà: èyí tó tutù, gáàsì ẹ̀ máa ń ta yín nímú, èyí tó ti gbóná, tí ẹ bá ti ṣí i, gáàsì ẹ̀ á sá lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́síjìn ṣe ń sá. Ní 25°C, lítà omi kan lè gba bíi mìlígíráàmù 8.3 ọ́síjìn. Ní 30°C, ó di bíi 7.5. Ní 35°C, ó di bíi 6.9. Omi iyọ̀ tún kéré sí èyí.

Èkejì, bí ọ́síjìn ṣe ń dínkù ni ẹja túbọ̀ ń nílò ẹ̀. Tí omi bá fi ìwọ̀n 10 gbóná sí i, iṣẹ́ tí ara ẹja ń ṣe lè di ìlọ́po méjì. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ní kó máa sáré, tí wọ́n tún fún ní imú. Ìdí nìyẹn tí ẹja fi ń wá sókè omi láti la ẹnu. Kì í ṣe pé ebi ń pa á o. Ẹ má fún un lóúnjẹ.

Ẹ̀kẹta ni amóníà. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó jẹ kù máa ń di amóníà nínú omi. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni oró amóníà yẹn ń le sí i.

Ẹ wá fi yìnyín mi kún un. Ẹja tí kò rí èémí mí dáadáa tẹ́lẹ̀, mo tún wá já ìwọ̀n mẹ́sàn-án bọ́ lára omi ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Kò sí ara tó lè gba ìyẹn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, òwe ni.) Tí ẹ bá fẹ́ mú omi ẹja tutù, ẹ má jẹ́ kó ju ìwọ̀n kan lọ láàárín wákàtí kan. Omi tó dúró sí 29 láti àárọ̀ títí di alẹ́ sàn fún ẹja ju omi tó jẹ́ 33 lọ́sàn-án, tó di 24 lójijì lọ.

Ọgbọ́n tó wà nínú àmù ìyá àgbà

Tí kì í bá ṣe yìnyín, kí wá ni? Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìyá àgbà. Ẹ rántí àmù tó máa ń wà ní igun yàrá tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀? Kò sí fíríìjì, kò sí iná, síbẹ̀ omi inú ẹ̀ máa ń tutù lọ́fun. Ẹ tún rántí pé ìta àmù yẹn máa ń tutù rinrin nígbà gbogbo.

Amọ̀ ni wọ́n fi mọ àmù, ó sì ní ihò wínníwínní tí ojú ò lè rí. Omi á máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ ẹ gbẹ. Omi ò lè gbẹ lásán o, ó gbọ́dọ̀ kó ooru dání lọ. Láti inú omi tó kù nínú àmù ló ti ń kó ooru yẹn, òun ni omi inú ẹ̀ fi ń tutù. Bí òógùn ṣe ń mú wa tutù náà nìyẹn.

Agbára tó wà nínú èyí pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Lítà omi kan tó bá gbẹ máa ń kó ooru lọ tó ìlọ́po márùn-ún èyí tí kílò yìnyín kan lè kó. Tí ẹ bá ní 100 lítà omi, tí lítà kan péré gbẹ kúrò nínú ẹ̀, ooru tó bá a lọ tó láti mú omi tó kù fi bí ìwọ̀n mẹ́fà tutù, tí kò bá sí ooru míì tó ń wọlé láti ìta. Lóòótọ́, ooru á máa wọlé, nítorí náà ẹ ò ní rí gbogbo mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí ibi tí agbára wà.

Olùkọ́ kan láti àríwá wa, Mohammed Bah Abba, lo ọgbọ́n yìí ní Ìpínlẹ̀ Jigawa láàárín ọdún 1990 sí 1999. Ó ki ìkòkò kékeré bọ inú ìkòkò ńlá, ó da iyanrìn sáàárín wọn, ó rẹ iyanrìn náà sómi, ó fi aṣọ tútù bo orí ẹ̀. Tòmátì àti ẹ̀fọ́ tó máa ń bàjẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ wá ń pẹ́ dáadáa nínú ẹ̀. Wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000. Ìkòkò méjì, iyanrìn àti omi ló gbé e dé ibẹ̀.

Àpótí gíláàsì ò ní ihò bíi ti àmù. Ojú omi nìkan ni omi ti lè gbẹ. Nítorí náà, ohun tí a ní láti ṣe ni ká ṣí ojú omi sílẹ̀, ká sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ kọjá lórí ẹ̀.

Fáànù Ṣakí kì í ṣe fáànù Èkó

Ibí yìí ni àwa ará Òkè-Ògùn ti ní àǹfààní. Tí ẹ bá wo fídíò àwọn ará Èkó, wọ́n á sọ pé fáànù ò ṣiṣẹ́ tó. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ Èkó ti mu omi yó. Òkun wà níbẹ̀, ọ̀sà wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ti yó ò lè mu omi míì dáadáa.

Tiwa yàtọ̀. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa. Nígbà ọyẹ́, ètè ń là, ẹsẹ̀ ń funfun. Aṣọ tí ẹ sá sórí okùn ní Ṣakí lóṣù kìíní, kí ẹ tó jẹ ẹ̀bà tán, ó ti gbẹ. Afẹ́fẹ́ tó ń gbẹ aṣọ yẹn náà ló máa bá yín mú omi ẹja tutù. Fáànù kékeré kan tó ń fẹ́ kọjá lójú omi lè fi ìwọ̀n méjì sí mẹ́ta mú un wálẹ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ gan-an.

Nítorí náà, ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ bóyá fáànù máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ wo okùn aṣọ. Tí aṣọ bá ń tètè gbẹ, fáànù á ṣiṣẹ́. Tí aṣọ ò bá gbẹ, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Àsìkò tó le jù fún wa ni ìparí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, nígbà tí òjò àkọ́kọ́ ti ń bọ̀: ooru ò tíì lọ, afẹ́fẹ́ sì ti ń rin. Lásìkò yẹn, ibòòji àti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ló kù tí ẹ máa gbára lé.

Ohun tí ẹ máa ṣe nílé

Èkíní, ibi tí ẹ gbé àpótí sí. Ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, nítorí ògiri yẹn máa ń gba oòrùn ìrọ̀lẹ́, á sì máa gbóná títí di òru. Ẹ má gbé e sójú fèrèsé. Tí ilé yín ò bá ní sílíìnì, tó jẹ́ páànù nìkan ló wà lókè, ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀, torí òkè yàrá ni ooru máa ń kóra jọ sí.

Èkejì, ẹ ṣí ìdérí. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó dípò ẹ̀, kí ẹja má baà fò jáde. Ẹ gbé fáànù kékeré sí ẹ̀gbẹ́, kó máa fẹ́ kọjá lójú omi. Ẹ jẹ́ kí wáyà ẹ̀ wọlẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè dé sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá ń kán tẹ̀lé e lè bọ́ sílẹ̀, kó má baà ṣàn wọnú iná.

Ẹ̀kẹta, ẹ pa gílóòbù orí àpótí lọ́sàn-án. Gílóòbù náà ń dá ooru. Ẹ tàn án ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ bá wà nílé láti wò ó, kó sì jẹ́ LED.

Ẹ̀kẹrin, ẹ máa fi omi rọ́pò èyí tó gbẹ, lójoojúmọ́. Ẹ ṣọ́ra fún táńkì dúdú orí òpó o! Oòrùn ọ̀sán ti se omi inú ẹ̀. Ẹ pọn omi ní àárọ̀ kùtùkùtù, tàbí kí ẹ fa omi tààrà láti inú kànga. Omi abẹ́ ilẹ̀ kì í tẹ̀lé ooru ọ̀sán, bákan náà ló máa ń rí tọdúntọdún. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa dà á.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ dín oúnjẹ kù. Oúnjẹ díẹ̀, amóníà díẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, yìnyín. Tó bá di dandan, ẹ má ya ọ̀rá ẹ̀ bíi tèmi. Ẹ jẹ́ kí omi dì nínú ike 50cl, ẹ fi ìdérí dé e pa, ẹ jẹ́ kí ike náà léfòó. Nínú àpótí 60 lítà, ike kan péré máa mú omi wálẹ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n kan. Ẹ dúró fún wákàtí kan kí ẹ tó fi òmíràn sí i.

Ẹ̀keje, tó sì ṣe pàtàkì jù: ẹ yan ẹja tó bá ìlú yín mu. Láti China ni goldfish ti wá, omi tútù ló fẹ́, tó máa wà lábẹ́ 24. Ẹ̀bi mi ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo rà á. Guppy àti molly fara da omi tó wà láàárín 24 sí 28, wọn kì í sì í tètè dààmú tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ẹ sì ra àpótí tó tóbi jù tí agbára yín ká. Omi púpọ̀ kì í tètè gbóná. Ẹ wo adágún Ìkéré Gorge lórí odò Ògùn, nítòsí Ìséyìn níbí. Oòrùn kan náà ló ń pa á, ṣùgbọ́n ó jìn, ó fẹ̀, ẹja inú ẹ̀ lè wọ ìsàlẹ̀ lọ. Ẹja inú abọ́ gíláàsì róbótó ò ní ìsàlẹ̀ kankan tó fẹ́ wọ̀.

Tí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́?

Wọ́n máa mú un lọ. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fi bátìrì fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó ra ẹja pàápàá. Fáànù tí ẹ ń ṣáàjì, tí gbogbo wa ní báyìí, lè ṣiṣẹ́ méjì: ìdajì fún yín, ìdajì fún ẹja.

Tí bátìrì bá kú pátápátá, ẹ fi ife bu omi inú àpótí, kí ẹ dà á padà láti òkè. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ sinmi, ẹ tún ṣe é. Bí omi ṣe ń já bọ́ ló ń gba ọ́síjìn wọlé. Ẹ tún lè fi táwẹ̀lì tútù wé ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, kí ẹ ki etí ẹ̀ bọ abọ́ omi kó lè máa fa omi sókè. Ẹ ti sọ gíláàsì di àmù nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja àrọ̀ nínú tapólì tàbí táńkì ike lẹ́yìnkùlé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju àwa tí a ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ lọ, torí owó yín ló wà níbẹ̀. Àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ òkè, nítorí náà kì í tètè kú bíi goldfish. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Amóníà ò mọ̀ pé àrọ̀ ló ń bá jà. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí nẹ́ẹ̀tì ṣe ibòòji, ẹ jẹ́ kí omi jìn dáadáa, ẹ fún wọn lóúnjẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kì í ṣe lọ́sàn-án gangan, ẹ sì pààrọ̀ omi kó tó máa rùn.

Iyùn ńkọ́?

Ó yá, olùgbọ́ wa ará Ṣakí, mo ti dé orí ìbéèrè rẹ.

Ọ̀pọ̀ wa mọ iyùn sí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọba àti ti ìyàwó. Ẹ̀yà ara ohun ẹlẹ́mìí ni. Iyùn pupa tí àwọn Potogí ń gbé wá sí etíkun wa láyé àtijọ́, láti Òkun Mẹditaréníà ló ti wá. Èyí tí o rí lórí TikTok, mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ààyè ló wà, inú ara ẹ̀ sì ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké kan ń gbé, tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ fún un bí ewéko ṣe máa ń ṣe. Àwọn náà ló ń fún un ní àwọ̀.

Tí omi bá fi ìwọ̀n kan péré gbóná ju èyí tó mọ́ ọn lára lásìkò ooru, tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iyùn á lé àwọn àlejò yẹn jáde, á funfun báláú, ebi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Kì í ṣe inú gíláàsì nìkan o. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NOAA ti Amẹ́ríkà kéde pé iyùn tún ti ń funfun kárí ayé, ìgbà kẹrin irú ẹ̀ nìyẹn. Òkun tó tóbi tó yẹn ò lè dáàbò bo iyùn lọ́wọ́ ooru. Ẹ wá ro ti 100 lítà nínú pálọ̀.

Àwọn tó ń sin iyùn nílé máa ń jẹ́ kí omi wọn wà láàárín 24 sí 27. Ní Ṣakí lóṣù kẹta, fáànù nìkan ò lè dé ibẹ̀. O máa nílò ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù bíi fíríìjì, àti iná tí kì í lọ tọ̀sán-tòru, ìyẹn sólà àti bátìrì tó tó. Tí o bá sì ní gbogbo ẹ̀, rántí ohun kan: omi ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ. Ó dà bí ọbẹ̀ tó pẹ́ lórí iná. Omi ẹ̀ á lọ, iyọ̀ á kù, ọbẹ̀ á le. Omi òkun ní bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú lítà kan. Tí omi bá gbẹ, omi tí kò níyọ̀ ni kí o fi rọ́pò ẹ̀. Tí o bá ń da omi iyọ̀ lé omi iyọ̀ lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ tí iyọ̀ á fi pa ohun tí ooru fi sílẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn mi nìyí, ọ̀rẹ́ mi: ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n má fi iyùn bẹ̀rẹ̀. Ra guppy. Ra tẹmómítà. Kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹrin. Tí o bá lè mú omi rẹ dúró sójú kan fún oṣù mẹ́ta yẹn láìsí ẹja tó kú, nígbà náà ni kí o wá bi mí nípa iyùn.

Èmi náà ti tún bẹ̀rẹ̀. Àpótí 100 lítà ni mo ní báyìí, ó wà nílẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn kì í dé. Guppy ló wà nínú ẹ̀. Bí mo ṣe ń gba ohùn ètò yìí sílẹ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù, tẹmómítà sì wà ní 29. Mo ti da lítà kan ààbọ̀ omi sí i láàárọ̀ yìí, èyí tó gbẹ látàná. Tẹ́lẹ̀, tí omi bá fà báyìí, inú máa ń bí mi. Ní báyìí, tí mo bá rí i pé ó fà, mo mọ̀ pé ooru ló bá a lọ.

Tí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ń sin ẹja, tó sì ní pure water dídì nínú fíríìjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Ó dìgbà kan ná.